Fìtílà Ò Gbọdọ̀ Wọ Kànga Múfú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Kùtọnu níhìn-ín, àyà mi kan ilẹ̀. Màámi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé wa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí ẹní tí ẹ ń retí kí a dárúkọ yín, mo kí gbogbo yín. Bàbá Katikísì, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí fún Bàbá mi, mo kí yín pẹ̀lú. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ohùn sókè níbi tí ẹ dé yìí, nítorí etí ọ̀tún Bàbá kò gbọ́ dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ tó sì kàn kò ṣeé gbọ́ ní ààbọ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fìtílà sínú kànga Múfú. Ẹ má sì wọ inú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọṣẹ́ yín, ì báà jẹ́ Múfú fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé okùn síta, ẹ ká a padà. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í pàṣẹ fún bàbá rẹ̀, pàápàá lórí iṣẹ́ tí bàbá fi tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ gbọ́ mi dé òpin ná, lẹ́yìn náà kí ẹ bínú.

Mo ti mú ẹ̀dà ìwé yìí kan lọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ìjọ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbẹ́kànga kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí kì í ṣe ọwọ́ yín tàbí ọwọ́ ẹni tí ẹ kọ́ ló ti kọ́ṣẹ́, fìtílà kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Àwọn atẹ̀wé náà kò gba fránkì kan lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gbà á, n bá san án, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ bí owó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ ti ń béèrè irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mi ò sọ ọ́ kedere rí nítorí Màámi. Ẹ rántí ilé epo kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Cadjèhoun, èyí tí a kọjá lára rẹ̀ nígbà tí ẹ wá kí mi, tí ẹ dúró wo gíláàsì rẹ̀ títí tí oníkẹ̀kẹ́ kan fi bú wa. Wọ́n ti pa ilé epo náà tì kó tó di pé Ìyípadà, ìjọba tuntun àwọn ológun yìí, dé tán. Ẹni tó ni ín ti lọ, koríko ti hù níbi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbá irin ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni lọ. Iyọ̀ òkun jẹ wọ́n, wọ́n lu, ẹsáǹsì, epo tí ọkọ̀ ń mu, sì ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú iyanrìn láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀ jù mí lọ, Bàbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibí kò dà bíi tiwa. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn á gbẹ́ títí okùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó rí omi. Níbí, adìyẹ lè fi ẹsẹ̀ walẹ̀ kàn án. Omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa gan-an, bí òjò bá sì rọ̀ ó ń gòkè. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa ń léfòó sí bí ọ̀rá ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá gbé omi sókè, ó gbé epo náà sókè pẹ̀lú rẹ̀. Kànga àwọn ilé tó wà lẹ́yìn ilé epo bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Bí wọ́n bá fa omi, àwọ̀ òṣùmàrè á máa yí lójú rẹ̀. Àwọn kan fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n mu ún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Obìnrin kan gbé omi náà ka iná láti fi wẹ ọmọ rẹ̀, iná sì gbá a lójú. Ó yè, ṣùgbọ́n irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kò tíì hù padà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìyẹn ló mú kí ìgbìmọ̀ àdúgbò lọ ké sí ìjọba, tí ìjọba sì rán ẹnjiníà kan wá, ọmọ Àjàṣẹ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n fi ọkùnrin Fọ̀n kan tó ń jẹ́ Dòsú ṣe ṣẹ́fù lé àwa òṣìṣẹ́ lórí. Lárààárọ̀, a ó tò, Dòsú á ké igbe Ẹ̀húzù, ìyẹn Ìyípadà ní èdè Fọ̀n, àwa á dáhùn pé Dàńdàn, lẹ́yìn náà oníkálukú á mú irinṣẹ́ rẹ̀. A gbẹ́ kànga gbígbòòrò kan sí àárín àgbàlá ilé epo náà. Epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yí ká ń rọra ṣàn wá síbẹ̀, a sì ń fi póńpù ọlọ́wọ́ fà á kúrò lórí omi sínú àgbá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ọ̀pá gígùn kan wọn bí epo ṣe nípọn tó lórí omi, kí n sì máa ka àgbá tó bá kún. Ẹ mọ̀ pé ìwé mi kò jìnnà. Ìṣirò ló wá iṣẹ́ yìí fún mi.

Bàbá, mi ò bẹ̀rù ilẹ̀ rí kí n tó dé ibí. Ẹ̀yin lẹ sọ̀ mí sínú kànga nígbà tí eyín mi kò tíì pé. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀rù kànga yìí láti ìgbà tí mo bá jí títí mo fi máa kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn níbẹ̀ kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe iyanrìn tó ń ya. Èémí epo náà ni. Ènìyàn kì í rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí omi, á kún inú kànga, á tún máa rá gba orí ilẹ̀ lọ wá iná kiri. Bí ó bá rí iná, ibi yòówù kí iná náà wà, á gba ọ̀nà tó bá wá padà sí ìdí kànga, á sì mú gbogbo ohun tó wà lọ́nà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi oríṣiríṣi òfin dè wá. Oníbodè wa ń gba ìṣáná àti sìgá lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wọlé, ó ń kó wọn sínú agolo kan lẹ́yìn ògiri. A kì í lo garawa irin, kí irin má baà kan irin kó ṣáná. Bàtà tó ní ìṣó nídìí kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ẹnu kànga, okùn gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì di orí okùn náà mú. Wọ́n ti fa ọkùnrin kan padà bẹ́ẹ̀. Ó kàn tẹ̀ ba wo inú kànga ni, ojú rẹ̀ sì yí bí ẹni tó mu ọtí láti àárọ̀. Nígbà tí ó jí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ṣubú. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju bí ó ṣe ṣubú lọ.

Ẹ ó ní owó rẹ̀ ńkọ́. Owó rẹ̀ ju ohun tí mò ń gbà nígbà tí mò ń ru àpò ní ọjà Dantokpa lọ. Ṣùgbọ́n kí n yọ owó ọṣẹ, kí n yọ owó mílíìkì tí àwọn ará iṣẹ́ ní ó ń fọ epo kúrò nínú ẹni, pé kò gbọdọ̀ wọ́n wa lẹ́nu, tí ẹnjiníà sì ní kò wúlò fún nǹkan kan, kí n yọ aṣọ tí kò ṣeé wọ̀ lọ síbì kankan mọ́, ohun tó kù fi díẹ̀ ju ti alápò lọ. Ẹ̀rù ni wọ́n fi ń san ìyókù fún wa. Òórùn náà kì í kúrò lára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó bá jókòó tì mí á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí àga á fi ku èmi nìkan. Ìyá onílé ní kí n máa sá aṣọ mi sí ẹ̀yìn odi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń lọ jókòó sí etíkun ní Fidjrossè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ mi. Àwọn ènìyàn á máa mu bíà, wọ́n á máa jó, èmi kì í rà á, mo kàn ń wo òkun. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn púpọ̀ nígbà tí ẹ fi Àkànní àbúrò mi ránṣẹ́ sí mi. Mo bẹ Dòsú, ó gbà á síṣẹ́. Ó ní ọmọ agbẹ́kànga kò lè jẹ́ ẹrù sí òun lọ́rùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àkànní. Ara rẹ̀ le, ẹ má bẹ̀rù, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìyá kan wà tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ògiri ilé epo náà, Ìyá Sùlíyà, ará Ọ̀yọ́, tó ti ń gbé Kùtọnu kí wọ́n tó bí Àkànní. Nígbà tí iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀, Dòsú lọ sọ fún un pé kó gbé iná rẹ̀ kúrò. Ìyá náà ní ṣé Ìyípadà ló ra igi òun ni. Ó ní bí àwọn kámárádì bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà tútù, kí wọ́n wá, òun á lọ̀ ọ́ fún wọn. Dòsú rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìyá náà rí obìnrin tí kò ní irun ìpéǹpéjú mọ́ ló tó dìde fúnra rẹ̀, ó gbé ààrò rẹ̀ sọdá ọ̀nà, ó lọ sí iwájú ilé kan tó jìnnà, ó sì ń bú wa bí ó ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, korobá rọ́bà tí a fi ń bu epo tó ṣẹ́kù já bọ́ sínú kànga. Dòsú wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn kan ń kó àgbá fún un. Èmi wà lẹ́yìn àgbá, mò ń kà. Kò sí ẹni tó ní kí Àkànní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, Bàbá. Ó rí i pé nǹkan já sínú kànga, ó mọ̀ pé ẹnìkan ní láti wọ̀ ọ́ lọ mú un, ó sì mọ ohun tí a máa ń ṣe kí ènìyàn tó wọ kànga. Kí fìtílà ṣáájú, kí ọmọ ènìyàn tẹ̀ lé e. Bí iná bá dúró ṣánṣán nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí wà níbẹ̀. Bí ó bá kú, kí a jókòó sí ẹnu kànga kí a máa jẹ obì. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ wa, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí nínú gbogbo kànga tí ẹ gbẹ́.

Àkànní mọ òfin ibi iṣẹ́ wa. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti inú Fọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló kó ìṣáná rẹ̀ fún oníbodè. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ agbẹ́kànga tó ń ka fìtílà kànga mọ́ iná. Iná ni ohun tí a fi ń dáná, tí a fi ń mu sìgá. Fìtílà ni ohun tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún kànga. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín má mú iná wá, kò jẹ́ ronú kan fìtílà, bí ẹni tí wọ́n ní kó má mú ọ̀bẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣe ní ronú kan èékánná rẹ̀.

Ó sọdá ọ̀nà, ó yá fìtílà lọ́wọ́ Ìyá Sùlíyà, ó tàn án ní ìdí ààrò rẹ̀. Ìyá náà rò pé owó tó sọnù sábẹ́ ibùsùn ló fẹ́ fi wá. Àkànní gba àlàfo kan lára ògiri lẹ́yìn wọlé, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà oníbodè. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè kúrò lára àgbá, ó ti wà nínú àgbàlá, fìtílà ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti so okùn mọ́ ọn, ó ń rìn lọ sí ẹnu kànga jẹ́jẹ́, bí ẹ ṣe ń rìn.

Bàbá, mo la ẹnu láti pè é. Bí ohùn ṣe fẹ́ jáde báyìí ni ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra ní pápákọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó kọjá lórí wa gan-an, páànù gbogbo ilé ń mì. Mò ń pariwo, n kò gbọ́ ara mi. Mo rí Ìyá Sùlíyà ní àlàfo ògiri, ó ti lóye, ó ń ju apá méjèèjì sókè, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, òun náà kò ní ohùn. Mi ò lè sáré lọ bá a. Bí ó bá rí mi tí mò ń sáré, á rò pé mo wá bá a mú okùn ni, á yára sọ fìtílà náà kalẹ̀ kí n tó dé. Ariwo náà kò fẹ́ tán. Nígbà tí ó wá dín kù, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe iná, kì í ṣe dúró, kì í sì í ṣe orúkọ rẹ̀. Igbe yín ni mo ké. Mo ké pé, Kànga sé.

Àwọn tó ń ka èyí nínú ìwé ìròyìn lè má mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí bàbá wa bá ké pé Kànga sé, ibi tí ẹsẹ̀ oníkálukú bá wà ni yóò wà. Ẹni tó ń fa okùn á dá a dúró. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè á dúró lórí èkejì. A kì í wẹ̀yìn, a kì í béèrè. Wọ́n ti na Àkànní rí ní kékeré nítorí pé ó bojú wẹ̀yìn wo ohun tó fa igbe.

Àkànní dúró. Fìtílà náà ń mì díẹ̀díẹ̀ ní orí okùn. Ẹnu kànga kò jìnnà sí i mọ́ ju ibi tí ọ̀pá ìwọ̀n mi lè nà dé lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Mo ní kó gbé fìtílà náà sókè, kó gbé e ga ju orí rẹ̀ lọ. Mo ní kó má pa á, kó má yí i wálẹ̀, kó má yí ara rẹ̀ padà kíákíá. Mo ní kó máa fẹ̀yìn rìn gba ibi tó gbà wá. Ó ń ṣe é. Òógùn ń ṣàn sí mi lójú, n kò lè gbé ọwọ́ sókè láti nù ún. Ìyá Sùlíyà ti wọlé dé ìdí ògiri, ìyá arúgbó yẹn, ó na ọwọ́, ó gba fìtílà náà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e sọdá ọ̀nà padà, ó rì í mọ́ inú iyanrìn. Ìgbà náà ló tó padà wá bú u. Ó ní òun rò pé ọmọ náà fẹ́ fi fìtílà wá owó tó sọnù ni, òun kò mọ̀ pé Cadjèhoun lódindi ló fẹ́ sun jẹ. Dòsú dé, ó gbọ́, ó la ẹnu láti bínú, ó sì jókòó sórí ilẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí Àkànní ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwa ará Kùtọnu ti ya ojo. Ó ní Bàbá òun ti sọ fìtílà sí kànga tó ju èyí lọ.

Ẹnjiníà kò nà án, kò lé e. Lọ́jọ́ kejì ó fi ọkọ̀ kó wa lọ sí etíkun ní Fidjrossè, níbi tí kò sí ilé. Ó kán ẹsáǹsì díẹ̀ sínú agolo mílíìkì òfìfo kan, ó yí i ká lọ́wọ́ rẹ̀, ó da èyí tó kù nù, ó ní kí Àkànní wo inú rẹ̀ kó sọ ohun tó rí. Àkànní ní òun kò rí nǹkan kan, pé agolo náà ṣófo. Ẹnjiníà fi páálí dé e lẹ́nu, ó gbé e sí orí iyanrìn, ó ní kí gbogbo wa lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá gígùn kan na àkísà tó ń jó sí ihò kékeré tó wà lára agolo náà. Ó dún bí ìbọn ọdẹ. Páálí náà fò kọjá lórí ọkọ̀, agolo náà ya. Ẹnjiníà ní kí a rò ó pé agolo yẹn ni kànga, kí a sì rò ó pé páálí yẹn ni ẹni tó dúró sí ẹnu rẹ̀ tó di okùn mú.

Àkànní kò rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í fẹ́ kí n tan ààrò nínú iyàrá. Gàrí tútù là ń jẹ. Mi ò bá a jà, ó tilẹ̀ ń dín owó igi kù.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Ráfíù awakọ̀ bá wa ní ìdíkọ̀ Dantokpa, ó kó iṣu tí Màámi fi ránṣẹ́ fún wa. A dúpẹ́, Màámi. Ó ń ròyìn ilé fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Múfú aládùúgbò wa ti di olówó, pé ẹsáǹsì tó ń gbà láti ọ̀nà ẹnubodè ti pọ̀ débi pé ó ń ri àgbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùnlé kí àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ìjọba, má baà rí i. Ó ní kànga Múfú ti wá ń rùn, pé ewúrẹ́ kì í mu omi rẹ̀ mọ́. Ó ní Múfú ti bẹ Bàbá wa kó bá òun wẹ kànga náà mọ́, àti pé Bàbá ti gbà, ó ní bí ọdún ìjọ bá ti kọjá, òun á ṣe é. Ó ní òun rí Bàbá ní ìta nígbà tí òun ń bọ̀, tó ń fi eérú nu gíláàsì fìtílà rẹ̀.

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Àkànní. Ó kàn ń wò mí.

Bàbá, láti ìgbà náà, bí mo bá pa ojú dé, ẹ̀yin ni mò ń rí. Mo rí i bí ẹ ṣe fi eékún kan kúnlẹ̀ sí etí kànga Múfú, okùn gba èjìká yín, ẹ ń súfèé, ẹ ń sọ fìtílà náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ sì tẹ orí ba láti rí bóyá iná náà dúró ṣánṣán. Mo rí àwọn ọmọdé tó yí yín ká, nítorí wọ́n máa ń yí yín ká. Mo rí ààrò Màámi lẹ́yìn odi Múfú. N kò lè dá a dúró lójú mi. N kò lè sáré wá. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, Ráfíù ló tún máa gbé mi, ìwé yìí náà lòun ń gbé, ìwé kì í sì í sanwó ọkọ̀. Mo rò ó títí, bí n ó bá kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀, ìwé ni yóò ṣáájú mi dé ọwọ́ yín.

Ẹ ó ní fìtílà kò purọ́ fún yín rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n bi kànga léèrè, bóyá afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí wà níbẹ̀. Kànga Múfú á dá a lóhùn, ìdáhùn náà ni yóò sì pa yín. Ẹ ó tún ní ẹ ó wọ̀ ọ́ láìmú fìtílà. Ẹ má ṣe é, Bàbá. Èémí epo yẹn á gba ojú yín, á gba ẹsẹ̀ yín, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń ṣubú, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ láti gbé yín á ṣubú lé yín lórí. Kànga yẹn kì í ṣe èyí tí ẹnìkan lè wẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kan. Àwa pọ̀ lórí tiwa, a ní póńpù, a ní ẹnjiníà, a kò sì tíì parí rẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀gún yí ẹnu rẹ̀ ká kí ọmọdé má sún mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má fa omi rẹ̀, ì báà jẹ́ láti fọ aṣọ. Màámi, ẹ gbé ààrò yín lọ sí apá kejì ilé, kódà kí òjò máa pa yín níbẹ̀. Kí Múfú kó àgbá rẹ̀ jáde lọ́sàn-án, jìnnà sí ilé àti sí iná, kí ó má wọ́ ọ lórí òkúta. Ẹ sọ fún un pé owó àgbá kan kò tó owó pósí kan. Ẹnjiníà ti ṣèlérí pé òun á kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ òun ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá sì ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ Múfú, owó tí mo fi sínú àpòòwé yìí tó láti dá a padà. Mi ò béèrè ìyókù.

Nǹkan kan péré ni mo ń tọrọ. Ẹ fi aṣọ di fìtílà náà, kí ẹ fi í rán Ráfíù sí mi. Mi ò ní í fọ́ ọ, mi ò ní í tà á. Bí kànga Múfú bá mọ́ lọ́jọ́ kan, èmi fúnra mi ni màá gbé e padà wá fún yín. Bí Ráfíù bá ti ń bọ̀, èmi àti Àkànní á wà ní ìdíkọ̀ Dantokpa. Bí a bá rí fìtílà náà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó mọ̀ pé ẹ gbọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, mi ò mọ bí mo ṣe máa rìn padà sí Cadjèhoun.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ìjọ. Ẹ kí àwọn ọmọṣẹ́ yín, kí ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí. Ẹ kí Múfú náà, n kò bínú sí i. Kí Olúwa pa yín mọ́, kí omi kànga tiwa máa dùn lọ́nà ọ̀fun yín, kí ẹ pẹ́ títí fún wa. Àkànní ní kí n kí yín, ó ní òun kò wẹ̀yìn.

Bàbá Katikísì, ẹ gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi ẹnu sí etí òsì rẹ̀, èyí tó gbọ́, kí ẹ ké e bí mo ṣe ké e:

Kànga sé, Bàbá. Kànga sé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sámúẹ́lì